Svante Arrhenius, Oníṣirò Èéfín Ayé

Ìlú Ẹdẹ kì í ṣe àlejò iná. Ìtàn àwọn baba ńlá sọ pé Tìmì Àgbàlé, akọni tafàtafà tí ó tẹ ìlú náà dó, a máa ta ọfà tí iná wà lẹ́nu rẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe ń pè é ní Ọlọ́fà-iná títí di òní. Nígbà tí ó di ọdún 1907, iná irú mìíràn tún gba ìlú náà kọjá. Ọ̀nà rélùwéè tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń là láti Èkó, èyí tí ó ti dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, gba Ẹdẹ kọjá, ó sì dé Òṣogbo. Èédú tí a wà láti inú ilẹ̀ ni ẹ̀rọ tí ń fa ọkọ̀ náà ń jẹ. Bí ó bá ti ń kọjá, èéfín a máa tú jáde lórí rẹ̀, a fẹ́ káàkiri, a sì pòórá. Ẹni tí ó bá ń wò ó yóò rò pé ibẹ̀ ni ọ̀ràn rẹ̀ parí sí.

Ọ̀ràn náà kò parí síbẹ̀. Kí ọkọ̀ ojú irin tó dé Ẹdẹ ni ọkùnrin kan ní ilẹ̀ Súwídìn, níbi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù lọ́dọọdún, ti bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí afẹ́fẹ́ tí ń ti inú iná jáde lè ṣe sí ayé. Ó mú gègé àti ìwé, ó fi nǹkan bí ọdún kan gbáko ṣe ìṣirò, ó sì rí ohun tí ojú lásán kò lè rí. Orúkọ ọkùnrin náà ni Svante Arrhenius.

A bí i ní ọjọ́ 19 oṣù kejì, ọdún 1859, ní Vik, ní ẹ̀bá ìlú Uppsala. Ọdún mánigbàgbé ni ọdún náà jẹ́. Òun ni ọdún tí a dá CMS Grammar School, ilé-ẹ̀kọ́ girama àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ wa, sílẹ̀ ní Èkó; òun náà ni ọdún tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní Abẹ́òkúta fún àwọn ará Ẹ̀gbá. Ní òkè òkun, Edwin Drake gbẹ́ kànga epo rọ̀bì rẹ̀ ní Pennsylvania ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, òwò epo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ láti ibẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, John Tyndall fi ẹ̀rọ dán an wò, ó sì rí i pé àwọn afẹ́fẹ́ kan wà tí wọn kì í jẹ́ kí ooru kọjá lára wọn. Epo tí ayé yóò máa jó, àti ìmọ̀ ohun tí jíjó náà lè fà, jọ yọjú ní ọdún kan náà. Ọmọ tí yóò fi ìṣirò so méjèèjì pọ̀ sì wà ní ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ nígbà náà.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ni yóò ti máa ṣe ẹnu ṣámúṣámú. Bàbá Arrhenius ń wọn ilẹ̀ fún Yunifásítì Uppsala, ó sì tún ń bójú tó ìwé ìṣirò owó. Ọmọ náà kọ́ ara rẹ̀ ní ìwé kíkà nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta. Bí bàbá rẹ̀ bá ń ro iye mọ́ iye nínú ìwé owó, òun a máa wò ó, títí ìṣirò fi di eré ọwọ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn olùkọ́ rẹ̀ fi mọ̀ pé orí rẹ̀ pé. Ní ọdún 1876 ó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, òun sì ni ó kéré jù lọ lọ́jọ́ orí nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó wọ yunifásítì ní ọmọ ọdún 17.

Ẹ̀kọ́ físíìsì ní Uppsala kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ní ọdún 1881 ó kó lọ sí Stockholm, olú ìlú Súwídìn, ó sì ń ṣe ìwádìí lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n Erik Edlund. Ohun tí ó ń wá ni ìdí rẹ̀ tí omi iyọ̀ fi ń jẹ́ kí iná mànàmáná gba inú rẹ̀ kọjá. Nínú ìwé tí ó kọ fún oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1884, tí ojú ewé rẹ̀ tó 150, ó fi ìpìlẹ̀ èrò titun kan lélẹ̀. Èrò náà, bí ó ti ṣàlàyé rẹ̀ kún lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ni pé bí a bá da iyọ̀ sínú omi, àwọn èérún rẹ̀ a pín sí wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan a sì gbé agbára iná mànàmáná sára.

Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Uppsala kò gba ọ̀rọ̀ náà wọlé. Máàkì tí wọ́n fún un kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dí ọ̀nà iṣẹ́ olùkọ́ mọ́ ọn. Ẹlòmíràn ìbá ju gègé sílẹ̀, kí ó wá iṣẹ́ mìíràn ṣe, ṣùgbọ́n Arrhenius kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀mọ̀wé ní àwọn ilẹ̀ mìíràn. Wilhelm Ostwald, tí ó ń kọ́ni ní ìlú Riga, kà á, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì wọ̀ ọ́ lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi rìnrìn àjò wá sí Uppsala láti rí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó kọ ọ́. Nígbà tí àwọn ará ilé rí i pé òde ti mọ iyì ọmọ wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún ojú wò ó. Láti ọdún 1886, Arrhenius rin ìrìn àjò ẹ̀kọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ Ostwald ní Riga, sí ilẹ̀ Jámánì, sí Austria, àti sí ọ̀dọ̀ van 't Hoff ní Amsterdam. Ní ọdún 1903, ọdún 19 lẹ́yìn tí a fi máàkì kékeré dójú tì í, iṣẹ́ kan náà yìí ni ó mú kí a fún un ní ẹ̀bùn Nobel fún ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì. Òun ni ọmọ Súwídìn àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn náà.

Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ yìí nìkan ni ó ṣe, orúkọ rẹ̀ ìbá wà nínú ìwé kẹ́mísìrì títí láé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn tí ó ṣe, èyí tí àwọn ènìyàn ìgbà ayé rẹ̀ kò kà sí, ni ayé ń sọ jù lónìí.

Ní ọdún 1891 Arrhenius di olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti Stockholm. Ní ọdún 1895 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú náà ní ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ti máa ń pàdé láti jíròrò nípa ilẹ̀, òkun àti òfuurufú. Ìbéèrè kan ń dà wọ́n láàmú. Àwọn àmì ara òkúta fi hàn pé láyé àtijọ́, yìnyín tí ó nípọn bí òkè bo Súwídìn àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù mọ́lẹ̀. Kí ni ó mú òtútù ńlá náà wá, kí sì ni ó mú un lọ?

Láti lóye ìdáhùn tí Arrhenius wá kiri, ó yẹ kí a mọ ohun tí àwọn aṣíwájú rẹ̀ ti rí. Láti ọdún 1824 ni Joseph Fourier ti sọ ní ilẹ̀ Faransé pé afẹ́fẹ́ tí ó yí ayé ká dà bí ìbora. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń gbà á kọjá wá sí ilẹ̀; ṣùgbọ́n ooru tí ilẹ̀ ń dá padà sókè kì í rọrùn fún láti gbà á jáde. Ìbora náà kò ti ara gbogbo afẹ́fẹ́ wá. Tyndall fi hàn pé ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ń ṣe iṣẹ́ náà, àti afẹ́fẹ́ kan tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tí a ń pè ní kábọ́ndaọ́ksáìdì. Òun ni a ń mí síta, òun náà ni ń jáde nígbà tí igi, èédú tàbí epo bá ń jó. Kì í ṣe òun ni dúdú tí ojú ń rí nínú èéfín. Èyí ti fò lọ kí ojú tó mọ̀. Iye rẹ̀ kéré púpọ̀: nígbà ayé Arrhenius, nínú mílíọ̀nù 1 ìwọ̀n afẹ́fẹ́, kò ju nǹkan bí 295 lọ. Ṣùgbọ́n bí iyọ̀ díẹ̀ ti ń yí adùn ọbẹ̀ padà, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀n kékeré yìí ń yí ooru ayé padà.

Arrhenius wá bi ara rẹ̀ pé: bí afẹ́fẹ́ kábọ́nì yìí bá dín kù, báwo ni ayé yóò ti tutù tó? Bí ó bá sì pọ̀ sí i, báwo ni ayé yóò ti gbóná tó? Òtútù ni ó ń wá ìdí rẹ̀. Kò mọ̀ pé ooru ni ìṣirò òun yóò di olókìkí fún.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kejìlá ọdún 1894, nígbà tí àwọn ará Stockholm ń múra ọdún Kérésìmesì, ó jókòó ti iṣẹ́ náà. Kò sí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà nígbà náà. Ó ní ìwé àkọsílẹ̀ ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Samuel Langley, ẹni tí ó ti wọn ooru tí ń ti ara òṣùpá wá nígbà tí òṣùpá wà lókè tààrà àti nígbà tí ó rẹlẹ̀. Bí òṣùpá bá rẹlẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ooru náà ní láti gbà kọjá a pọ̀ sí i, èyí tí ó ń pàdánù a sì pọ̀ sí i. Láti inú àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí ni Arrhenius ti yọ iye ooru tí ọ̀rinrin ń gbà dúró àti iye tí afẹ́fẹ́ kábọ́nì ń gbà dúró.

Lẹ́yìn èyí ó pín ayé sí ọ̀já ọ̀já, láti dígíríì 70 ní àríwá títí dé 60 ní gúúsù, ọ̀já kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní dígíríì 10. Ó ṣe ìṣirò ọ̀já kọ̀ọ̀kan fún ìgbà mẹ́rin inú ọdún. Ó ṣe é fún ìgbà tí afẹ́fẹ́ kábọ́nì bá dín kù sí ìdá méjì nínú mẹ́ta, fún ìgbà tí ó bá di ìlọ́po kan àti ààbọ̀, ìlọ́po méjì, méjì àti ààbọ̀, àti mẹ́ta. Bí ilẹ̀ bá gbóná, ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ a tún pọ̀ sí i, ìbora a sì nípọn sí i. Nítorí náà ó ní láti padà sí ẹ̀yìn kí ó tún ìṣirò kan náà ṣe. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá ìgbà ni ó fi gègé ro, tí ó fi yọ, tí ó fi pín. Láàárín àkókò náà ni ìgbéyàwó rẹ̀ pẹ̀lú Sofia Rudbeck, tí ó ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ rí, túká. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Ilé dà rú, ṣùgbọ́n ìṣirò kò dúró.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1895 ó gbé àbájáde rẹ̀ síwájú ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé Súwídìn. Ní ọdún 1896 a tẹ̀ ẹ́ jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Bí afẹ́fẹ́ kábọ́nì bá dín kù sí ìdá méjì nínú mẹ́ta, ayé yóò fi nǹkan bí dígíríì 3 tutù sí i. Bí ó bá di ìlọ́po méjì, ayé yóò fi dígíríì 5 sí 6 gbóná sí i. Ilẹ̀ òtútù ni yóò gbóná sí i jù lọ, òru yóò gbóná sí i ju ọ̀sán lọ. Ọ̀já tí ó wà láàárín agbedeméjì ayé àti dígíríì 10 ní àríwá wà nínú tábìlì rẹ̀ pẹ̀lú. Inú ọ̀já yìí ni Ẹdẹ wà, láàárín dígíríì 7 sí 8. Nọ́ńbà tí Arrhenius kọ síwájú ọ̀já náà fún ìlọ́po méjì jẹ́ nǹkan bí dígíríì 5. Báyìí ni ooru ọjọ́ iwájú ìlú Ẹdẹ ti wà lórí ìwé ní Stockholm kí ọkọ̀ ojú irin tó dún ní ìlú náà.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Arvid Högbom, ni ó fi èédú kún ọ̀ràn náà. Högbom ń ṣe ìṣirò bí kábọ́nì ti ń rìn láàárín òkúta, òkun, ewéko àti afẹ́fẹ́. Ó wo èédú tí gbogbo ayé ń wà lọ́dọọdún nígbà náà, ó jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 500. Ó ṣírò rẹ̀ pé bí a bá jó gbogbo rẹ̀, afẹ́fẹ́ kábọ́nì tí yóò ti inú rẹ̀ jáde yóò tó ìdá 1 nínú 1,000 èyí tí ó wà ní òfuurufú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò sọ pé kò tó nǹkan. Arrhenius kò sọ bẹ́ẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Irú ìṣirò Högbom kò ju agbára akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama lọ. Bí kábọ́nì bá ń jó, ìwọ̀n 12 rẹ̀ a máa gba ìwọ̀n 32 ọ́ksíjìn mọ́ra, àpapọ̀ rẹ̀ a sì jẹ́ 44. Ẹni tí ó bá ra kìlógíráàmù 10 èédú igi ní ọjà Ẹdẹ, kábọ́nì inú rẹ̀ yóò tó nǹkan bí kìlógíráàmù 8. Bí a bá sọ 8 di ìlọ́po 44, tí a sì fi 12 pín in, a óò rí i pé afẹ́fẹ́ kábọ́nì tí ó jáde lé ní kìlógíráàmù 29. Ó wúwo tó ìlọ́po mẹ́ta èédú fúnra rẹ̀, nítorí ọ́ksíjìn ti para pọ̀ mọ́ ọn. Lítà bẹntiróòlù kan a máa mú nǹkan bí kìlógíráàmù 2.3 jáde, lítà kẹrosíìnì 2.5, lítà dísù 2.7. Jẹnẹrétọ̀ tí ó jó lítà 5 bẹntiróòlù ní alẹ́ kan ti fi kìlógíráàmù 11 àti ààbọ̀ ránṣẹ́ sí òfuurufú kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ ṣírò èéfín nìkan. A gbọ́dọ̀ ṣírò ooru tí a rí gbà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Megajoule ni a fi ń wọn ooru náà. Kìlógíráàmù kan igi gbígbẹ ń fúnni ní nǹkan bí 16, èédú igi 29, kẹrosíìnì 43, gáàsì ìdáná 46. Kìlógíráàmù èédú àti kìlógíráàmù gáàsì jọ ń mú nǹkan bí kìlógíráàmù 3 afẹ́fẹ́ kábọ́nì jáde. Ṣùgbọ́n ooru gáàsì ju ti èédú lọ ní ìlọ́po kan àti ààbọ̀. Pẹ̀lúpẹ̀lú, iná gáàsì ń kọjú sí ìdí ìkòkò, nígbà tí púpọ̀ nínú ooru igi orí ààrò ń bá atẹ́gùn lọ. Ìyàtọ̀ kan tún wà. Kábọ́nì inú igi, inú afẹ́fẹ́ ni igi náà ti fà á. Bí igi mìíràn bá hù rọ́pò rẹ̀, yóò fà á padà. Kábọ́nì inú èédú ilẹ̀ àti epo rọ̀bì ti wà ní ìpamọ́ láti ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún. Bí a bá sì ti tú u sílẹ̀, kò sí ẹni tí yóò tètè kó o padà. Nítorí náà, igi tí a gé láìgbin òmíràn jẹ́ gbèsè. Èédú ilẹ̀ àti epo jẹ́ gbèsè tí ó tún wúwo ju ti igi lọ.

Kí ni Arrhenius wí nípa gbèsè yìí? Kò bẹ̀rù rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ yìnyín ni. Nígbà tí ó ń bá àwọn ará ìlú rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ọdún 1896, ó wòye pé bí jíjó èédú bá dúró sí ibi tí ó wà, yóò tó 3,000 ọdún kí afẹ́fẹ́ kábọ́nì tó fi ìdajì pọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ó rí i pé jíjó náà kò dúró sójú kan. Nínú ìwé tí ó kọ fún gbogbo ènìyàn ní ọdún 1906, ó sọ pé èédú tí ayé ń jó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 900 lọ́dún kan, ó sì gbà pé ìwọ̀nba ọgọ́rùn-ún ọdún díẹ̀ lè tó fún ìyípadà ńlá. Ó tún ìṣirò rẹ̀ wò, ó sì dín iye ooru ìlọ́po méjì kù sí nǹkan bí dígíríì 4. Síbẹ̀, ayọ̀ ni ó fi wo ọjọ́ náà. Ó ní ìrètí pé àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọ̀la yóò gbé lábẹ́ ojú ọjọ́ tí ó rọjú, irè oko wọn yóò sì pọ̀ sí i.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ gba ìṣirò náà gbọ́. Ní ọdún 1900 Knut Ångström, ọmọ Súwídìn bíi tirẹ̀, ṣe ìdánwò kan, ó sì sọ pé ìwọ̀n afẹ́fẹ́ kábọ́nì tí ó wà ti gba gbogbo ooru tí ó lè gbà dúró, àti pé fífi òmíràn kún un kò lè yí nǹkan kan padà. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ Arrhenius sì di ohun tí a pa tì. Òun fúnra rẹ̀ kò jiyàn títí. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọdún 1905 ó di ọ̀gá ilé ìwádìí tí a dá sílẹ̀ fún un lábẹ́ ètò Nobel ní Stockholm. Ní ọdún náà ó fẹ́ Maria Johansson, wọ́n sì bí ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin méjì. Nínú ìwé tí ó kọ ní ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ nípa kẹ́mísìrì àti ìgbé ayé òde òní, ó kìlọ̀ pé èédú àti epo kì í ṣe ohun tí kò lè tán, kí ayé má ṣe fi wọ́n ṣòfò. Ó kú ní ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá ọdún 1927, a sì sin ín ní Uppsala.

Ìṣirò rẹ̀ kò kú. Ní ọdún 1938, Guy Callendar, ẹlẹ́ńjìnnì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ tí ń fi ooru omi rìn, ṣe àkójọ epo àti èédú tí ayé ti jó. Ó ṣírò rẹ̀ pé láàárín 50 ọdún, bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 150 afẹ́fẹ́ kábọ́nì ni ènìyàn ti tú sí òfuurufú. Ó sì wo àkọsílẹ̀ ooru láti ọ̀pọ̀ ibi ní ayé, ó rí i pé ayé ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ní ọdún 1958, Charles Keeling gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii, ó sì ń wọn afẹ́fẹ́ náà lójoojúmọ́. Ó jẹ́ nǹkan bí 315 nínú mílíọ̀nù nígbà náà. Ní ọdún 2024 ó ti lé ní 420. Ìdàgbàsókè tí Arrhenius kọ́kọ́ fún ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé láàárín nǹkan bí 130 ọdún. Ayé ti fi ohun tí ó ju dígíríì 1 lọ gbóná sí i. Àwọn onímọ̀ òde òní, tí wọ́n ní kọ̀ǹpútà lọ́wọ́, fi ìlọ́po méjì sí nǹkan bí dígíríì 3. Ìṣirò ọwọ́ Arrhenius ga jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣìnà.

Níbo wá ni àṣìṣe rẹ̀ wà? Kò sí nínú òṣùpá, kò sí nínú ọ̀rinrin, kò sí nínú afẹ́fẹ́. Ènìyàn ni kò rò dáadáa. Ó mọ ìwà afẹ́fẹ́ ju ìwà àwọn tí ń dá iná lọ. Kò rò pé ayé tí ń jó mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 500 èédú nígbà tí ó ń ṣe ìṣirò rẹ̀ yóò máa jó ohun tí ó lé ní bílíọ̀nù 8 lọ́dún kan, láì ka epo àti gáàsì mọ́ ọn. Ohun kejì tí ó fò dá ni àwọn ẹlòmíràn. Ìlú olótùútù ni ó fi sọ́kàn nígbà tí ó ń yọ̀ sí ooru. Ọ̀já agbedeméjì ayé wà nínú tábìlì rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ wà níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí dígíríì 5 yóò jẹ́ fún àgbẹ̀ tí oòrùn ti ń pa tẹ́lẹ̀, tí òjò sì jẹ́ ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀.

Àwọn àgbà a máa wí pé ẹni tí ó da eérú ni eérú ń tọ̀. Òtítọ́ ni fún eérú. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kábọ́nì kì í mọ ẹni tí ó da òun. Ó ń tọ ẹni tí ó dá iná ńlá, ó sì ń tọ ẹni tí igi mẹ́ta péré wà lórí ààrò rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ìgbésí ayé Svante Arrhenius fi sílẹ̀ fún ọ̀dọ́. Èkíní ni pé ẹni tí a bá fi máàkì kékeré dójú tì kò gbọdọ̀ ju gègé sílẹ̀, nítorí ìṣirò tí ó bá tọ́ kò ní bàjẹ́ nítorí pé a kò tètè gbà á. Èkejì ni pé kí ẹni tí ó bá ń ṣe ìṣirò ohun tí yóò kan gbogbo ayé má ṣe fi ilé tirẹ̀ nìkan ṣe òṣùwọ̀n. Nọ́ńbà a máa sọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń kà á ni yóò rántí pé ènìyàn ń gbé nínú ọ̀já kọ̀ọ̀kan.